Àwa tí à ń sùn ní Ògùn, tí à ń ṣiṣẹ́ ní Èkó: ìlú wo ló ni wá?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àkúté ni mò ń gbé, Ìkejà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa níbi iṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé, mo kọ Ògùn. Obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ Èkó, pé ṣebí ará Èkó ni gbogbo wa. Mo délé, mo rò ó fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn, ni òun náà bá tún bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ó ní èèyàn Ògùn ni Èkó ń kó jọ tó fi ń yangàn, pé bí wọ́n bá yọ wá kúrò níbẹ̀, Ìbàdàn ló tóbi jù, àti pé kò ní pẹ́ tí Ìbàdàn máa gba ipò rẹ̀ padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìlú wo ló tóbi jù gan-an? Àwa tí a wà láàrin ńkọ́, ta ló ni wá? Kí sì ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù yìí, torí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á padà.

* * *

Àbúrò, ìbéèrè mẹ́ta lo dì sínú àpò kan yìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ, torí ọmọ Ìbàdàn lèmi náà, Òjé ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ká àwọn èèyàn wa lára tó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò kúkú parọ́ tán. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1952, Ìbàdàn ní bíi 459,000, Èkó ní bíi 267,000. Bí ẹ bá fi ìdajì Èkó kún Èkó, Ìbàdàn ṣì jù ú lọ. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1963, wọ́n tún kà: Ìbàdàn lé ní 627,000, Èkó lé ní 665,000. Èkó ti fò kọjá. Bàbá bàbá mi kò gba ìkànìyàn yẹn gbọ́ títí ó fi kú. Bí èèyàn bá dárúkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, "Wọ́n ka ẹja mọ́ ọn ni."

Àmọ́ ohun kan wà tí bàbá ò sọ. Èkó tí wọ́n kà ní 1952 yẹn, erékùṣù ni, àti Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Àpápá, àti ìwọ̀nba àdúgbò tó so mọ́ wọn. Múṣìn kò sí níbẹ̀. Ìkejà kò sí níbẹ̀. Agége kò sí níbẹ̀. Ìta ààlà ìlú ni gbogbo wọn wà, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ló sì ń ṣàkóso wọn títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé Múṣìn láyé ìgbà yẹn, tó ń jí jáde lọ sí ọ́fíìsì ní Marina, Ìbàdàn ni ìjọba rẹ̀ wà, Èkó ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ìwọ gan-an nìyẹn, àbúrò. Orúkọ àdúgbò nìkan ló yí padà.

Ìjà ọ̀rọ̀ ẹnu ìgbà yẹn náà le. Àwọn kan ń fẹ́ kí Èkó wà pẹ̀lú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n tilẹ̀ fi í sábẹ́ rẹ̀ ní 1951. Àwọn ọmọ Èkó yarí, wọ́n ní gẹ̀dẹ̀gbẹ́ l'Èkó wà. Ní 1954, wọ́n yọ ọ́ jáde lóòótọ́, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ìlú nìkan ni wọ́n yọ o. Wọn ò yọ Múṣìn tó ń sanra lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lábẹ́ ìdáhùn mi láti àná. Ẹnìkan láti Bódìjà ní kí n má fi ìtàn bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀, pé ilẹ̀ Ìbàdàn fẹ̀ púpọ̀, ó sì ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá, márùn-ún láàrin ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi. Òótọ́ ni. Ẹlòmíì ní bí wọ́n bá yọ àwọn ará Ògùn kúrò nínú Èkó, kò ní ku nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí ọmọlúàbí. Nínú ìkànìyàn 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó ní 9,113,605. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó jẹ́ ti Ìbàdàn, gbogbo wọn pọ̀, lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Ará Àkúté, ará Sàngó, ará Mówè, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí wọ́n kà mọ́ Èkó nínú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn. Ògùn ni wọ́n kà wọ́n sí. Kí lẹ wá fẹ́ yọ? Ohun tí kò sí nínú ìkòkò lẹ fẹ́ bù jáde. Bí a bá sì fẹ́ ka Èkó bí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣe ń rìn láàárọ̀ àti lálẹ́, ńṣe la máa fi Ògùn kún un, á sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí Èkó fi fò kọjá kò le rárá láti rí. Ibẹ̀ ni èbúté wà. Ibẹ̀ ni rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896 kó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ jókòó sí títí di oṣù Kejìlá 1991 tí wọ́n kó lọ sí Àbújá. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ló yẹ ká jókòó lé lórí, torí ohun tó ṣe Ìbàdàn kì í ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Ìlú ìjọba ni Ìbàdàn. Láyé ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbogbo ẹni tó bá ní ìwé kan láti buwọ́ lù, láti Oǹdó títí dé Abẹ́òkúta, Sẹkitéríà ní Agodi ló ń bọ̀. Yunifásítì dé ní 1948, tẹlifíṣọ̀n dé ní 1959, Cocoa House parí ní 1965. Ìgbà tó di 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ẹrù wọn, wọ́n gba Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ lọ. Ní 1991, wọ́n tún gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn tún kó lọ sí Òṣogbo. Ìyá mi ń ta oúnjẹ nítòsí Agodi láyé ìgbà náà. Ó máa ń sọ pé ìpínlẹ̀ tuntun kan, abọ́ ìrẹsì mẹ́wàá tí òun ò tà mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìbàdàn ń gba ipò rẹ̀ padà, mo mọ ohun tí ẹ̀ ń rí. Láti oṣù Kẹfà 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọníyà, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé ti ń kó wá. Lóòótọ́ ni. Àǹtí mi ní ilé sí Ológunẹ́rù, ó ní láàárín ọdún mẹ́ta, ayálégbé mẹ́rin nínú mẹ́fà òun ló ti Èkó wá, wọn kì í ná ọjà, iye tí ájẹ́ǹtì bá pè ni wọ́n ń san. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń wá yàrá wá ń bínú sí àǹtí mi. A ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe àwọn ará Èkó yìí ní Ológunẹ́rù báyìí, n kò lè kọ ọ́ síbí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní Kánò ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà: mo gbọ́. Ìwé ìjọba sọ bẹ́ẹ̀. 2006: Kánò 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ìjọba Èkó kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn ka tiwọn lákòókò kan náà, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Ẹ wo Alímọ̀ṣọ́ nìkan: ìjọba àpapọ̀ ka bíi mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀, Èkó ka mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀ ní àdúgbò kan náà. Mo gbé Ìyànà Ìpájà rí, mo mọ èyí tí mo gbà gbọ́.

Ẹ má rò pé nítorí orúkọ ni wọ́n ṣe ń jà. Tí wọ́n bá ń pín owó àpapọ̀ láàrin àwọn ìpínlẹ̀, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni iye èèyàn ń pín. Orí kan tí wọn ò kà, owó ló sọnù níbẹ̀. Láti 2006 sì rèé, a ò tíì kà mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kà á ní 2023, wọ́n sún un síwájú, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi iye èèyàn Èkó tàbí ti Ìbàdàn lónìí bú yín, ẹ ní kó mú ìwé rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká fi Kánò sílẹ̀.

* * *

Ká padà sí Àkúté, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Ọdún 2009 ni èmi náà kó wá síbẹ̀. Ògbà ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Onílé mi fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, mo ní ó tó. Lẹ́yìn Ìjú, tí ọ̀nà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kòtò bí ojú apẹ, ẹ ti wọ Ògùn nìyẹn, ẹ ò nílò àkọlé. Ẹni tó bá gba Berger wá, á kọjá Ojódù, kó tó dé Alágbọlé á ti mọ̀ lára.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni omi. Ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, Ògùn ló wà, lọ́dọ̀ wa níbí. Odò Ògùn ní Àkúté ni wọ́n ti ń fa omi náà. Wọ́n á fà á, wọ́n á sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n á fi páìpù ńlá gbé e lọ fún àwọn ará Èkó. Àwa tí a wà lẹ́bàá odò, kànga àti bóòhòòlù là ń gbẹ́. Aládùúgbò mi kan gbẹ́ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí omi tí kì í pọ́n bí epo. Ó sì máa ń dúró lójú fèrèsé wo ibi tí omi Èkó ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ gbà lọ́wọ́ agbèrò Èkó kò ràn án lọ́wọ́ níwájú agbèrò Ògùn. Ó máa san fún méjèèjì, àwa èrò la sì ń san án padà fún un. Bí òjò bá rọ̀, kọndọ á ní òun kò kọjá ibì kan mọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀. Mo ti rìn láti Yákọ́yọ̀ dé ilé rí, bàtà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó orí ló là mí lójú. Ojú ọ̀nà wa bàjẹ́ débi pé ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún kan lọ sí ilé ìwòsàn há sínú ẹrẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kóra jọ, a kọ lẹ́tà, a lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó yẹ kó dá wa lóhùn. Bàbá náà ka lẹ́tà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó béèrè pé, "Nínú ẹ̀yin tí ẹ wá yìí, ta ló ń san owó orí fún Ògùn?" A jẹ́ mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló na ọwọ́: ọ̀gá ilé ìwé aládàáni kan, ìyá kan tó ń ta símẹ́ǹtì, àti tíṣà ìjọba kan. Gbogbo àwa tó kù, Èkó ni wọ́n ti ń yọ tiwa. Ojú tì mí. Inú tún bí mi sí bàbá yẹn, torí a kì í béèrè owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tẹ̀lé mi délé.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá akáúńtáǹtì wa níbi iṣẹ́. Mo ní, òfin owó orí sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, ibi tó ń gbé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún. Òfin ò sọ pé ibi tí ọ́fíìsì wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la wà nínú ìwé Èkó, tí mo bá yọ yín, iṣẹ́ mi á di méjì." Ọdún kẹfà mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti ń bá wọn tún títì Ìkejà ṣe, tí mo sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹrẹ̀ ní Àkúté.

* * *

Ẹni tó ní "ẹ kó padà sí Èkó, kí ẹ yé ráhùn": ẹ ṣeun, ṣé ẹ máa bá wa san owó ilé? Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ájẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó "bóyá nǹkan á bàjẹ́". Òfin Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà sì rọra yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà sílẹ̀, kí inú àwọn ọlọ́lá má baà bàjẹ́. Ẹ lọ fi òfin yẹn han onílé kan ní Ògbà. Mo dúró síbí, mò ń retí yín.

Èkó kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ó kàn máa ń gbówó lórí títí ẹsẹ̀ èèyàn fi gbé e dé Ìbafò.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta bú wa ní òwúrọ̀ yìí. Ó ní àwa ará ààlà, a kì í ṣe ọmọ Ògùn, a ò mọ Òkè Olúmọ, Èkó nìkan la mọ̀, kí wọ́n yọ wá dànù fún Èkó. Ọmọ mi, rọra. Tún ìwé 2006 gbé. Abẹ́òkúta Àríwá àti Abẹ́òkúta Gúúsù, méjèèjì pọ̀, kò tó 460,000. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ nìkan, tí Àkúté wà nínú rẹ̀, lé ní 500,000. Adó-Odò/Ọ̀tà náà lé ní 500,000. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìnkùlé Èkó méjì péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju olú-ìlú yín lọ, ó sì ti tó ogún ọdún tí wọ́n kà á. Ẹ bá yọ wá fún Èkó, kí ẹ wá wo iye tó máa wọ àpò Ògùn nígbà tí wọ́n bá ń pín owó lórí iye èèyàn.

Abẹ́òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rántí wa tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Títì á gba ọ̀dà dúdú tín-ín-rín kan. Òjò àkọ́rọ̀ á hó o kúrò.

Ìjà ìlú sí ìlú tí mo rí lójú ara mi kì í ṣe ti Èkó àti Ìbàdàn mọ́. Ti Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú tó ti sanra jù ú lọ ni. Olú-ìlú fẹ́ iye orí wa, kò fẹ́ ẹnu wa. Èkó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, kò fẹ́ ìdọ̀tí wa, torí ọkọ̀ akólẹ̀ wọn kì í kọjá ààlà. Ohun tó dà mí láàmú jù nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní mò ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òṣèlú.

* * *

Wọ́n béèrè bóyá ó dáa láti ra ilẹ̀ lórí ààlà yìí. Mi ò ní kí ẹ má rà á. Mo kàn máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi.

Ó ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lẹ́bàá Ìṣẹrí. Ẹbí tó tà á fún un sọ pé Èkó ni ilẹ̀ náà wà. Ó gba rìsíìtì, ó pe ẹni tó wọn ilẹ̀, wọ́n rì òkúta sí i nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣe ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ ilé. Ó kọ́ ọ dé lẹ́ńtẹ̀lì. Ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ kan dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri, wọ́n ní Ògùn ni ilẹ̀ náà wà, ta ló fún un ní àṣẹ ìkọ́lé? Ó gbé ìwé Èkó sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó padà sọ́dọ̀ ẹbí náà, wọ́n ní àwọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìjọba, ilẹ̀ bàbá àwọn ni, kí ló kàn àwọn pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ onílẹ̀ láti apá kejì náà yọjú, wọ́n ní kó wá sanwó ìpìlẹ̀ fún àwọn náà. Ó san án lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ìwé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun kó tó kan òrùlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ mú nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe ọ̀kan. Méjèèjì.

Ẹbí yẹn kò sì jẹ̀bi tán lójú tèmi. Àwórí ni Ìṣẹrí, Àwórí ni Ọ̀tà, Àwórí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìkejà. Ẹ mọ ìtàn Ọlọ́fin tó tẹ̀lé àwo tó ń léfòó lórí omi láti Ifẹ̀ gba Ìṣẹrí, títí àwo fi rì. Àwo rírì yẹn ni wọ́n fi ń pe ara wọn ní Àwórí. Àwo náà kò yà béèrè C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ ìjọba, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ló wá fa ìlà, tí apá kan ẹbí bọ́ sí Èkó, apá kejì bọ́ sí Ògùn, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn pọ̀ di òní.

* * *

Ọ̀rọ̀ omíyalé tí ẹnìkan mú wá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n parí ní 1983 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bá kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀. Omi á gba odò Ògùn wá, á wọ Ìṣẹrí, á wọ àwọn àdúgbò tó wà lẹ́bàá Mile 12 ní Èkó. Èkó á ní Ògùn ló tú omi, Ògùn á ní Èkó ló jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. A ò tíì gbàgbé Ògùnpa, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1980. Mo kéré nígbà náà, mo rántí bí ìyá mi ṣe dì mí mọ́ra lórí tábìlì. Ilé tó pọ̀ jù lẹ́bàá odò tí a ti sọ di ààtàn ló fa ti wa, kì í ṣe ìlú mìíràn kankan.

* * *

Àbúrò tó béèrè, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ gbé ìbéèrè rẹ lọ. Jẹ́ kí n mú un padà wá, ọjọ́ Ẹtì ti dé tán.

Ìlú tó tóbi jù? Èkó ni, kò sì sí ohun tí Ìbàdàn lè fi bá a dọ́gba láyé tiwa. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ọmọ Òjé ló sọ bẹ́ẹ̀, kó má bínú. Kó tún mọ̀ pé tí àwọn ará Èkó bá ń kó lọ sí Ìbàdàn báyìí, ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà sọ Múṣìn di Èkó, tí wọ́n sì fẹ́ẹ̀ sọ Àkúté di Èkó, ni wọ́n ń gbà bọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló kọ́kọ́ fa Èkó gùn, Mówè àti Ìbafò hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rélùwéè tuntun tún fà á. Ṣé ìgbà tí gbogbo ilé tó wà láti Berger dé Tóòlù-géètì Ìbàdàn bá so mọ́ra wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ á ṣì máa béèrè ìlú tó tóbi jù?

Ta ló ni wá? Kò tíì sí ẹni tó fẹ́ ní wa pátápátá. Àmọ́ nǹkan ń yí díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí ìjọba Èkó ṣe, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì 2024, Agbádó ló ti ń gbéra lọ sí Oyíngbò. Agbádó yẹn, Ògùn ni. Ìjọba Èkó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ibùdókọ̀ sí ilẹ̀ ẹlòmíì, torí ó mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sùn sí. Ìyàwó mi ń wọ̀ ọ́, ó ní òun ń tètè délé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá lè gbé irin kọjá ààlà, mi ò rí ohun tó lè dí ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti fọ́ọ̀mù: Ògùn ni kí o kọ. Má pa á rẹ́. Fi fọ́tò rìsíìtì owó ilé rẹ mọ́ ọn, kí o kọ àdírẹ́sì Àkúté ní kíkún, kí o sì ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà kí o tó fún obìnrin yẹn. Tó bá tún rẹ́rìn-ín, bá a rẹ́rìn-ín. Èmi, oṣù mẹ́jọ ni akáúńtáǹtì wa fi lọ́ra kó tó yí tèmi padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà. Nígbà tí a tún lọ bá bàbá awò ojú yẹn, àwa mẹ́sàn-án la na ọwọ́. Kò tíì tún ọ̀nà náà ṣe o. Ó kàn ní kí a jókòó.